Àwòrán Àwẹ̀ró ní Ìlú Máfọwọ́kàn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú, ẹ ká ẹsẹ̀ kò, nítorí ìtàn tó ń bọ̀ yìí ní ìbàdí, ó sì lè tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ bó bá ń kọjá. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ẹ sún mọ́bí. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí mo sọ, ẹ má bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, irọ́ ni yóò pa fún yín. Ẹ má wo ọwọ́ mi, ẹnu mi ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí tí oòrùn ṣì wà lókè, torí bí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, eyín á fúnra rẹ̀ wọlé lọ.

Ọdẹ kan wà ní abúlé wa, Ọdẹ́dìran lorúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló fi ń yangàn. Bí ẹran bá gba orí àpáta kọjá lánàá, àpáta tí omi pàápàá kì í fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, Ọdẹ́dìran á bẹ̀rẹ̀ wò ó, á ní, "Ìgalà ni. Abo ni. Ó lóyún, inú sì ń bí i sí ọkọ rẹ̀." Wọ́n á ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ ti ṣe mọ̀ pé inú ń bí i?" Á ní, "Ṣé ẹ ò rí bó ṣe tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ni?" Gbogbo wọn á tẹjú mọ́ àpáta, wọn kò ní rí nǹkan kan, wọ́n á sì ní àwọn rí i. Bí ènìyàn ṣe ń di ńlá láàárín àwọn tí ojú ń tì nìyẹn.

Ẹlẹ́dàá tó kó ojú tó tó báyìí fún bàbá ni kò fún ọmọ ní ẹyọ kan. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́dìran bí, obìnrin ni, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń kì í. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, òun náà sì wá sáyé láìríran. Ní àkókò tí à ń sọ yìí ó ti pé ọmọ ogún ọdún. Ìka rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Ó lè fọwọ́ kan iṣu kó sọ oko tí wọ́n ti wà á. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń rànwú ní ilé kejì, Ìyá Olówùú là ń pè é, ló kọ́ ọ ní òwú ríran, àwọn méjèèjì á sì jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀, kẹ̀kẹ́ òwú wọn á máa yí. Àwẹ̀ró ní àṣà kan. Bí bàbá rẹ̀ bá ti lọ sígbó, láràárọ̀ ni yóò ta kókó kan sí òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, títí bàbá yóò fi dé. Bí bàbá bá wọlé, á fa òwú náà kọjá láàárín ìka, á ní, "Kókó mẹ́ta lẹ jẹ mí lónìí, Bàbá mi." Ọdẹ́dìran á ní òun á fi itan ẹran san án. Ohun tí wọ́n fi ń ṣeré nìyẹn.

Ó wá di ọdún kan, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ó wá ògbólógbòó pálí kan tó fẹ̀ bí àyà ọkùnrin, ó ń ya àwòrán sí i. Ó fi èédú fà á, ó fi osùn tẹ̀ ẹ́, ó fi òwú gán an káàkiri, ó lẹ iyanrìn mọ́ ọn níhìn-ín, ó lẹ èèpo igi mọ́ ọn lọ́hùn-ún, ó ki ìyẹ́ awó bọ̀ ọ́ láàárín. Kò jọ ènìyàn, kò jọ ẹranko, kò jọ ilé.

Ọdẹ́dìran dúró lé e lórí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àwẹ̀ró, kí lèyí?"

Ọmọ ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá mi."

"Fọwọ́ kàn án kẹ̀? Èmi tí ojú mi dá ṣáṣá báyìí, kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ṣe? Mo ti rí i. Ibi tí adìyẹ méjì ti jà ni, tí ẹnì kan sì da ọbẹ̀ lé wọn lórí."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ fi ojú jẹ ẹ́."

Ní ọdún yẹn kan náà ni ìyọnu kan dé bá àpò ọdẹ Ọdẹ́dìran. Bó bá ti oko ọdẹ dé, á rí okùn òwú kan tó so rọ̀ létí àpò náà, gígùn rẹ̀ á tó apá. Ó ní eku ló ń tú àpò òun. Ó dẹ pàkúté fún eku ilé, ó pa mẹ́jọ, òwú kò yéé so rọ̀. Ó gé e, ó bú ìyá eku, ó bú bàbá eku, ó tún jáde lọ. Ọkùnrin tó mọ̀ pé inú ń bí ìgalà nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìbọn ìbílẹ̀. Bí a bá ti rọ ẹ̀tù sí i tán, a gbọ́dọ̀ wá àkísà tàbí bébà dí i, ká fi ọ̀pá kì í wọlé, kí ẹ̀tù má baà dà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́dìran fẹ́ jáde, kò rí àkísà. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rí pálí Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ti lọ pọnmi. Ó ní, "Èyí náà á dí ìbọn." Ó ká a, ó kì í bọ àpò, ó lọ.

Ní oríta ìdí ọ̀pẹ, bó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya, ẹnì kan ké sí i. Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé àpótí sẹ́yìn. Ó ní, "Má ya á, bàbá ọdẹ. Jẹ́ kí n wò ó." Ó wò ó, ó kúnlẹ̀, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí orí sósì. Ó ní, "Ta ló ya èyí?"

Ọdẹ́dìran ní, "Kò sẹ́ni tó yà á. Ìdọ̀tí ilé ni."

Ọkùnrin náà ní Akójọmálò lorúkọ òun, láti Ìlú Máfọwọ́kàn, pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa kó ohun tí kò níye kiri ayé lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú àwọn. Ó gbé kèrègbè ẹ̀tù kan kalẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ̀tù dáadáa ni, dúdú, gbígbẹ. Ọdẹ́dìran wo pálí, ó wo ẹ̀tù, ó ní bóyá orí ọkùnrin yìí ti yí. Ó gbà á. Akójọmálò ra ẹmu, wọ́n jókòó sí ìdí ọ̀pẹ náà, Ọdẹ́dìran sì ń ròyìn ojú rẹ̀ fún un. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìròyìn náà gbà. Ojú tó pọ̀ kì í ròyìn tán kíá.

Nígbà tó délé, ilé dákẹ́. Ìyá Olówùú nìkan ló wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ́dìran, o dé. Ìwọ àti Àwẹ̀ró kò pàdé lọ́nà?"

"Níbo ló lọ, Ìyá?"

"Láàárọ̀ àná ni. Ó ta kókó rẹ̀ tán, ó ní o kò wálé sùn, pé bóyá nǹkan ṣe ọ́ nígbó. Ó di oúnjẹ sí igbá. Ó wá pálí rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wá a títí, kò rí i. Ó ní kò burú, òun mọ̀ ọ́n lórí. Mo ní, 'Níbo lo ń lọ, ọmọ mi?' Ó ní ìkọ̀kọ̀ ni."

Òjò sì ti rọ̀ ní gbogbo òru àná yẹn, òjò tó gbé afárá, tó sọ odò kékeré di bàbá.

Olú-ọdẹ lu agogo. Gbogbo ọdẹ jáde, wọ́n pín igbó láàárín ara wọn, wọ́n ń pe Àwẹ̀ró. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi wá a. Ní ọjọ́ kejì nínú ọjọ́ méje náà, wọ́n di okùn mú la odò kọjá, wọ́n dé etí igbó kan tó wà lódì kejì, igbó àràbà, olú-ọdẹ sì ní kí wọ́n wọ̀ ọ́.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀, kí n sọ ohun kan fún yín. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní ègùn tirẹ̀. Pẹpẹ igi ni, tí a kàn sórí igi gíga, tí ọdẹ ń jókòó sí de ẹran, àkàbà okùn ni a fi ń gùn ún. Ìyàwó ọdẹ kò mọ ègùn ọkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kò mọ ti ọ̀rẹ́. Wọ́n ní ọdẹ tó bá fi ègùn rẹ̀ han ènìyàn, ẹran á fi ibẹ̀ sílẹ̀, ọdẹ náà á sì di ọdẹ eṣinṣin. Inú igbó àràbà yìí ni ègùn Ọdẹ́dìran wà. Bó ti rí i tí ogún ọdẹ fẹ́ wọlé, ó sáré dínà mọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lápá ibẹ̀. Mo ti dé ibẹ̀ láàárọ̀. Kò sí nǹkan kan."

Wọ́n yí padà.

Kò dé ibẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ibi tí olójú pàápàá kò rí rí, báwo ni afọ́jú yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ síbẹ̀ ná, kó máa tutù.

Nígbà tí àwọn ọdẹ jáwọ́, Ìyá Olówùú wọlé tọ Ọdẹ́dìran wá. Ó ní, "Pálí ọmọ yẹn dà?"

"Pálí wo?"

"Èyí tó fi ọdún kan ṣe. Ṣé o rò pé ó ń ṣeré ni? Nítorí ó ní ìkọ̀kọ̀ ni n kò ṣe sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ọ̀nà ni. Ó sọ fún mi pé ọ̀nà ni òun ń yà, bí òun bá fi ọwọ́ tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ òun á mọ ibi tó ń lọ. Ibi tó lọ wà lára rẹ̀. Gbé e wá, kí n fọwọ́ kàn án."

Ọdẹ́dìran yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tù wà ní igun ilé, dúdú, gbígbẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Àwẹ̀ró ti jáde, bàbá rẹ̀ gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó kọrí sí Ìlú Máfọwọ́kàn.

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu yín. Èyí tó ní ṣòkòtò nínú. Ẹ má pa á, ó ti gbó, ìdí rẹ̀ ti já.

Igbó kìíní tó wọ̀ ni Igbó Ohùn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ tán ló tán, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ọ̀rọ̀ so rọ̀ lára igi bí àdán, wọ́n dorí kodò, kálukú ń sọ ara rẹ̀. Ọ̀kan ń wí pé, "Màá dá a padà lọ́la." Òmíràn ń wí pé, "Kì í kúkú ṣe pé mi ò fẹ́ràn ìyá rẹ." Ọdẹ́dìran gbọ́ ohùn olú-ọdẹ wa níbẹ̀ tó ń wí pé, "Èmi ni mo pa á, ó kàn sá wọ oko ẹlòmíràn kó tó kú ni." Ìbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iwin kan dìde lójú ọ̀nà, etí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó agbọ̀n ìkórè, ó fi ọ̀kan bo ara bí aṣọ.

Iwin ní, "Ọmọ ènìyàn, ibodè nìyí. Mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ tó wà nínú igbó yìí, kó o gbé e rù. Èyí tó wúwo jù ni kó o mú. Bí o bá gbé èyí tó fúyẹ́, màá jẹ ọ̀rọ̀ náà, màá sì jẹ ẹni tó gbé e."

Ọdẹ́dìran na ọwọ́ sókè, ó já èyí tó tóbi jù, tó ń bú ramúramù pé, "Ìkúùkù ni mo fi pa erin." Iwin fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fò lọ. "Ìyẹ́ adìyẹ lèyí." Ó já òmíràn, "Kò sí ọdẹ bí èmi láti ìhín dé òkun." Iwin tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ó bẹ́. "Ìfófòó ọṣẹ. Ó ku ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ni màá jẹun."

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Kò pariwo. Ó ń wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Mo ti dé ibẹ̀ láàárọ̀. Kò sí nǹkan kan." Ọdẹ́dìran fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò mì. Ó fi àyà tì í, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá iwin, mo ní òmíràn nílé tó dára ju èyí lọ."

Iwin na ọwọ́ sí igi. Ó ká ewé, ó ṣe òṣùká, ó gbé e lé e lórí, ó sì bá a gbé ẹrù náà rù. Láti ọjọ́ náà ni Ọdẹ́dìran ti ń rìn bí ẹni tó ru ọlọ.

Ó rìn títí ó fi dé Ìlú Olójú-Púpọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ní ojú níwájú orí, ní ọrùn, ní orúnkún, ní gìgísẹ̀. Ọmọ ìkókó wọn kò ní ju ojú mọ́kànlélógún lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ọwọ́ nínú wọn. Inú Ọdẹ́dìran kọ́kọ́ dùn pé òun ti dé ilé àwọn ìbátan òun. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, kò ráyè. Ojú ìlú náà pátá ló tẹjú mọ́ ìka rẹ̀.

Ìyálóde wọn bọ́ síwájú, ó ní, "Àlejò, jọ̀wọ́, má bínú. Ẹ̀yìn ń yún mi."

Ọdẹ́dìran họ ọ́. Omi bọ́ lójú obìnrin náà, láti gbogbo ojú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ sì rin. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìlú yìí dó ló ti ń yún wa." Gbogbo ìlú tò. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọdẹ́dìran fi họ ẹ̀yìn, ẹrù rẹ̀ lórí, èékánná rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tán. Nígbà tó fẹ́ lọ, Ìyálóde ní, "Àwa ń rí iṣu láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, a kò mọ̀ bóyá ó gbóná. A ń rí ọmọ wa, a kò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le tàbí ó rọ̀. Gbogbo nǹkan là ń rí, a ò mọ ọ̀kan. Àlejò, kí lo ń fi tìrẹ ṣe?"

Ó ní, "Ìbọn ni mo ń fi wọ́n yìn."

Obìnrin náà di ojú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ó fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà fún un.

Ìlú Máfọwọ́kàn mọ́ ju bó ṣe yẹ kí ìlú mọ́ lọ. Ilé kan ṣoṣo ló wà ní àárín rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ara ògiri rẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí ayé sọ nù gbé kọ́ sí: ìkòkò tí kò gbọdọ̀ se ọbẹ̀ mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tí kò gbọdọ̀ rí ìdí, abẹ̀bẹ̀, bàtà ọmọ. Gbogbo wọn ní nọ́ńbà. Àwọn èèyàn ìlú náà a máa rìn kọjá níwájú wọn, wọ́n á fi ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á yí orí sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ní, "Hùn, ìjìnlẹ̀ ni," wọ́n á sì bọ́ sí ìwájú èyí tó kàn.

Ọdẹ́dìran rí i. Ó wà ní ògiri ìkẹyìn. Wọ́n ti fi igi dáradára yí i ká. Wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Aláìlákọlé. Èédú, osùn, òwú, iyanrìn, ìyẹ́ àti oríṣiríṣi nǹkan lórí pálí. A kò mọ ẹni tó yà á. Akójọmálò ló rí i.*

Akójọmálò fúnra rẹ̀ yọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọdẹ. Kí lẹ gbé sórí yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ mi ni. Mo wá gba àwòrán yẹn padà. Ọmọ mi ló yà á. Ó ti sọnù, ibi tó wà ló yà síbẹ̀."

Akójọmálò ní, "Òfin wa kò le. Ẹni tó bá lè wí ohun tí nǹkan kan jẹ́, a ó gbé e fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni èèwọ̀: ìka tó bá kàn án kò ní jẹ́ ìka mọ́. Igi ni yóò dà."

Ọdẹ́dìran tú ojú rẹ̀ sílẹ̀, ojú tó rí oyún ìgalà lórí àpáta. Ó wò ó láti òkèèrè, ó wò ó láti ìtòsí, ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró. Ó ní, "Ìgalà méjì ni, wọ́n ń sá." Akójọmálò mi orí. Ó tún wò ó, òógùn ń ṣàn. Ó ní, "Odò ni, ó ti kún." Akójọmálò mi orí. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lójú fèrèsé. Nígbà tó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rù bà á, nítorí ohun tó rí ni ibi tí adìyẹ méjì ti jà, tí ẹnì kan sì da ọbẹ̀ lé wọn lórí. Kò rí nǹkan mìíràn. Kò sọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ojú rẹ̀, nítorí kò wúlò fún un mọ́.

Nínú òkùnkùn ojú rẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ọmọ náà: Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá mi.

Ó dìde láìlajú, ó na ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó fi ń fa ìbọn, ó fi kan ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Igi ṣánṣán ló kọ́kọ́ kàn. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni, ibi tí pákó ti la. Òwú kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ̀lé e. Iyanrìn háraháráa: ẹ̀yìn ilé Ìyá Olówùú. Èédú tó ń rún lábẹ́ ìka: oko tí iná jó lọ́dún èṣí. Osùn tó ń yọ̀: amọ̀ pupa etí odò, ó tilẹ̀ fi ìka tẹ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì síbẹ̀. Ìyẹ́: ibi tí awó ń yé sí, tí wọ́n máa ń fò bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá dún. Òwú náà ń lọ, ó ń yí kọ́rọkọ̀rọ, kò já níbì kankan. Òwú tí kì í ṣe ti eku ni. Ẹni tó so ó mọ́ àpò bàbá rẹ̀ lówùúrọ̀ ti jókòó sílé tó ń tú u, ó sì ti fi ọwọ́ tẹ̀lé e nígbà tí bàbá ti jìnnà, lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lóṣù kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ kan igi, ó ń fọwọ́ kan òkúta, ó ń kó wọn sórí. Ní òkè pátápátá, ìka rẹ̀ kan àkàbà kékeré kan tí wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ ṣe, àti pẹpẹ kan. Lórí pẹpẹ náà, àjákù aṣọ wà níbẹ̀. Gbérí ọdẹ òun fúnra rẹ̀ ni, òórùn ẹ̀tù ṣì wà lára rẹ̀.

Òun gan-an ni òpin ọ̀nà náà.

Ọdẹ́dìran ní, "Ègùn mi ni." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ọ̀nà tí ọmọ mi ń gbà wá bá mi ni." Ó sì wí gbogbo rẹ̀ jáde, láti ẹnu ọ̀nà dé orí pẹpẹ, ó ń fi ìka tí kò tẹ̀ mọ́ júwe rẹ̀, nítorí ó ti di igi láti ìdí dé èékánná.

Gbogbo ará ìlú náà ti pé jọ. Ẹnikẹ́ni kò wí pé ìjìnlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ń sunkún. Akójọmálò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó nu ojú.

Ọdẹ́dìran ní, "Ó dáa. Ẹ gbé e fún mi."

Akójọmálò ní, "Háà, bàbá ọdẹ. Báwo la ṣe fẹ́ gbé e sílẹ̀ báyìí?"

"Òfin yín ńkọ́?"

"A ṣe òfin yẹn nígbà tí kò jẹ́ nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí, bí ẹ bá ní ìdọ̀tí ni, à bá gbé e fún yín. Ní báyìí tí ẹ ti sọ ohun tó jẹ́, òun ni olórí gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí."

Ẹ ò rí ayé. Ọdẹ́dìran kò jà. Ìka tí yóò fà á ti di igi, ẹ̀tù tó wà nínú ìbọn sì ni ẹ̀tù ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé yẹn, ó kéré tán. Àwẹ̀ró ni."

Akójọmálò bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Àyè kò sí mọ́ níbẹ̀. Orúkọ tèmi ti kún un."

Bó ṣe padà wálé, n kò ní fi dá yín dúró. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò wọlé. Ó di ojú, ó fi ọwọ́ kan ibi tí pákó ti la, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gba iyanrìn, ó gba oko èédú. Ó la odò kọjá. Odò ti fà, kò dé orúnkún. Àwọn awó fò níbi tí ọmọ náà ní wọ́n ń fò. Ó dé etí igbó àràbà, ibi tí olú-ọdẹ àti ogún ọkùnrin ti dúró, tí Ọdẹ́dìran fúnra rẹ̀ ti wí pé òun ti dé ibẹ̀. Ó ka ẹsẹ̀ láti ibẹ̀ dé ìdí igi. Igba ẹsẹ̀ ó lé díẹ̀. Bí ènìyàn bá wúkọ́ níhìn-ín, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á gbọ́ ọ. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ á má purọ́ fún ara wa. Ó gbọ́ agogo, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Omi ti gba ìdí igi, ó ti gun òkè sá fún omi, ohùn tirẹ̀ kò sì ju ti ẹyẹ lọ nínú híhó odò.

Ọdẹ́dìran gun àkàbà. Àwẹ̀ró wà níbẹ̀. Ó jókòó bí ọdẹ ṣe ń jókòó, ó fẹ̀yìn ti igi, ó kọjú sí apá ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń gbà wọlé. Mo sọ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tó kù lára ènìyàn lẹ́yìn ìrìn-àjò tó gùn tó báyẹn ló wà níbẹ̀. Igbá oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fi ewé pín in sí méjì. Apá kan ti tán. Apá kejì wà níbẹ̀, ó ti gbẹ di òkúta, ewé sì bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, bí a ti ń bo oúnjẹ ẹni tó ń bọ̀.

Òwú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́dìran fà á kọjá láàárín ìka tó kù, ó ń ka kókó. Ó ka ọ̀kan, èyí tó ta kó tó jáde nílé. Ó ka méje tẹ̀lé e, ìyẹn àwọn ọjọ́ tí gbogbo wa fi wá a. Ó ka ìkẹsàn-án, ọjọ́ tí òun gbé ìbọn tí òun kọrí sí igbó iwin. Ó gbàdúrà kó tán níbẹ̀. Kò tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un kà. Mẹ́rìnlá ni.

Ọjọ́ tó ń họ ẹ̀yìn àwọn olójú, ọmọ rẹ̀ ń ta kókó.

Nígbà náà ni ẹrù orí rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ láti orí igi, ilẹ̀ sì mì. Wọ́n ní ibi tó bọ́ sí kò hu koríko títí dòní.

Ọkùnrin náà fa okùn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ìdí igi yẹn, ó la ọ̀nà tó fẹ̀ tí ọmọdé lè sáré gbà. Ẹran sá kúrò níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n pè é ní ọdẹ eṣinṣin, kò jiyàn. Láti ọdún náà, kò sí ọdẹ kan ní abúlé wa tí kì í fi ègùn rẹ̀ han ẹnì kan nílé. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Òfin kékeré yìí nìkan ni wọ́n rí ṣe.

Oòrùn ti ń wọ̀, ẹ ó lọ sílé. Kí ẹ tó dìde, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Ẹ mú un kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ rọra, ó ti gbó. Ọmọ mi, má bi mí léèrè ohun tó ṣe ìka mi. Mo ṣebí mo ti ní kí ẹ má wo ọwọ́ mi. Ẹ má wo òwú náà pẹ̀lú. Ẹ di ojú yín. Ẹ fọwọ́ kàn án.